Ta Ló Sọ Ìyá Yìí Di Àjẹ́? Iṣẹ́ Kámẹ́rà, Iná àti Ìró Lára Ẹ̀dá Ìtàn Tí À Ń Wò

Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ró ìró àdìrẹ, ó wọ bùbá funfun, ó gbé abọ́ gààrí dání, ó sì kan ilẹ̀kùn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá ní, "Ìyàwó, o kú ilé o. Ọmọ ńkọ́?" Ìran náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé e fún olùdarí fíìmù méjì. Ọ̀kan á ṣe é débi pé gbogbo ẹni tó ń wò ó á máa pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Má gbà á! Má jẹ gààrí yẹn o!" Èkejì á ṣe é débi pé òǹwòran á mú fóònù, á pe ìyá tiẹ̀ nílé. Ìyá kan náà, aṣọ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, gààrí kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ibi tí iná ti tàn wá, ìró tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, àti àwòrán tí wọ́n gbé tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin yìí ti dá ẹjọ́ ẹ̀dá ìtàn kó tó lanu sọ̀rọ̀ rárá, àwa tá a jókòó sílé sì máa ń rò pé ojú ara wa la fi mọ̀ ọ́n.

Olùdarí àkọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wálẹ̀, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ilẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ rí, sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀, a ò rí ojú. Ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ fún wa, ẹ̀rù la máa ń fi dí àyè rẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá wá yọ, lẹ́ńsì tó fẹ̀ ló fi yà á, ìyẹn irú èyí tó ń kó ibi púpọ̀ wọ inú àwòrán, tí wọ́n ń pè ní mílímítà 24, ó sì gbé e sún mọ́ ọn débi pé kò ju ìdajì mítà lọ. Imú tóbi, etí sá sẹ́yìn, iwájú orí yọ síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń di ẹ̀bi yìí ru lẹ́ńsì, àmọ́ ìtòsí ló fà á. Imú fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 wà níwájú etí. Bí kámẹ́rà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí imú, etí ti wà ní 60, nítorí náà imú á fi bí ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju bó ṣe yẹ lọ tá a bá fi wé etí. Bí kámẹ́rà bá sún sẹ́yìn dé mítà 2, ìyàtọ̀ yẹn ò ní ju ìdá kan nínú ogún lọ. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ kàn ń jẹ́ kí wọ́n lè sún mọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣì wọ inú àwòrán ni.

Iná ńkọ́? Gúlóòbù kan ṣoṣo ló fi sísàlẹ̀, lápá kan. Òkè ni oòrùn ti ń tàn wá, òkè náà la sì ń fi gúlóòbù sí nínú ilé, nítorí náà ojú wa ti mọ̀ pé abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n ni òjìji ń wà. Bí iná bá ti ìsàlẹ̀ wá, òjìji á gòkè lọ sí iwájú orí, ojú èèyàn tá a mọ̀ dunjú á sì di àjèjì. Ìró tó fi sábẹ́ rẹ̀ wúwo, ó lọ sílẹ̀, ó dà bí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún ní ìkángun àdúgbò. Àwọn kòkòrò tó ń ké tẹ́lẹ̀ dákẹ́ lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìyá tó kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ìyá béèrè pé "Ọmọ ńkọ́?", olùdarí gé e sí ọwọ́ ìyàwó tó di ikùn mú, ìyẹn ni pé ó gé àwòrán ìyá, ó sì gbé ti ọwọ́ yẹn tẹ̀ lé e, ó sì tún gé e sí abọ́ gààrí. Ó tán. Gààrí ti di májèlé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Olùdarí kejì kọ́kọ́ wọn gíga ìyá. Ìyá náà ò ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ, ojú rẹ̀ wà ní bíi 140, ibẹ̀ ló sì gbé kámẹ́rà sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí rèé: ayàwòrán tó ga á fi kámẹ́rà sí gíga ojú ara rẹ̀, á máa wo àgbàlagbà àti ọmọdé láti òkè wá sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún á wá jọ ẹni tó ń ṣagbe. Olùdarí yìí dúró ní mítà 2, ó lo lẹ́ńsì mílímítà 85, tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, ojú ìyá sì wà bí àwọn aládùúgbò ṣe ń rí i lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìró odó ń dún láti ẹ̀yìnkùlé, adìyẹ ń ké. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, a rí ìka ìyá tó ń ṣa èèpo kúrò lójú gààrí, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré. Lẹ́yìn "Ọmọ ńkọ́?", ó gé e sí ọmọ kékeré tó sáré jáde, tó dì mọ́ ìyá lẹ́sẹ̀.

Agbára gígé yìí ló ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà kan, Lev Kuleshov, ló dán an wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Akẹgbẹ́ rẹ̀ Pudovkin ròyìn pé wọ́n mú àwòrán ojú òṣèré kan, Mozzhukhin, tí kò fi inú dídùn tàbí ìbànújẹ́ hàn, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán mẹ́ta: abọ́ ọbẹ̀, òkú obìnrin tó wà nínú pósí, àti ọmọbìnrin kékeré tó ń ṣeré. Àwọn òǹwòran yin òṣèré náà pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, pé ó mọ ẹ̀dùn ọkàn, pé ó mọ ẹ̀rín ìfẹ́. Ojú kan náà ni.

Ẹ lè fi fóònù ṣe é nílé láàárín wákàtí kan. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó máa ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín, kó má fajúro, kó wo ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà díẹ̀ dípò kó wo inú rẹ̀. Ẹ yà á fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ ya abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó ń yọ ooru, ẹ ya bẹ́ẹ̀dì òfìfo tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí pẹ̀lú bàtà àgbàlagbà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ya ọmọ jòjòló tó ń sùn, ìṣẹ́jú àáyá 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀: ojú, nǹkan, ojú. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí ọ̀kan ṣoṣo, torí ẹni tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti mọ̀ pé ojú kan náà ni. Ẹ wá béèrè ohun tí ẹni tó wà nínú àwòrán ń rò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ojú náà wo ọ̀tún, tí wọ́n sì ya abọ́ náà bí ẹni pé òsì ló wà. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n ya ojú, tí wọ́n ya abọ́ lábẹ́ iná alẹ́, tí ọkàn òǹwòran kò fi gbà pé inú yàrá kan náà ni wọ́n wà.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa níbi ọ̀rọ̀ bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ òṣèré, orí ìtàgé ló sì ti wá. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916, ti ń gbé eré kalẹ̀ láti 1944; nígbà tí fíìmù rẹ̀ Aiyé fi máa jáde ní 1979, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kó ẹgbẹ́ eré kiri. Ọ̀pọ̀ òṣèré tó wọ inú fíìmù Yorùbá lásìkò yẹn, ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó wà lórí àga ìkẹyìn lè fi mítà 20 jìnnà sí òṣèré, nítorí náà òṣèré gbọ́dọ̀ na ọwọ́, kó ranjú, kó gbé ohùn sókè kó tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ojú èèyàn bá ti kún gbogbo àwòrán, kí ìpéǹpéjú mì díẹ̀ ti tó ọ̀rọ̀. Bí òṣèré bá gbé ìṣe gbọ̀ngàn wá síwájú lẹ́ńsì tó wà ní mítà kan, ẹni rere á jọ onírọ́, opó tó ń sunkún á jọ ẹni tó ń díbọ́n, òǹwòran á sì kórìíra ẹ̀dá ìtàn tí ìtàn fẹ́ kó káàánú. Òṣèré ò ṣẹ̀. Bí ìṣe rẹ̀ bá tóbi, kí wọ́n sún kámẹ́rà sẹ́yìn kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, torí ẹwà irú eré bẹ́ẹ̀ wà nínú gbogbo ara. Bí wọ́n bá fẹ́ sún mọ́ ojú, kí wọ́n sọ fún un pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ò ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ iná àti àwọ̀ dúdú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn èèyàn wa jù. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tó ń wò. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, ńṣe ló máa gbìyànjú láti sọ ọ́ di àárín méjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù, bí ohun tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ wá gbé ẹni dúdú tó wọ léèsì funfun síwájú ògiri funfun. Funfun ti pọ̀ jù lójú kámẹ́rà, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, léèsì bọ̀ sípò, ojú ẹni náà rì. Eyín àti ẹyin ojú nìkan ló kù. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọ fọ́tò nínú omi, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò láti àwọn ọdún 1950. Bí àwọ̀ Shirley bá ti dáa, wọ́n á gbà pé àwọ̀ gbogbo èèyàn ti dáa. Ẹni tó bá sọ pé kámẹ́rà ò ṣe ojúsàájú, kó rántí ìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kẹ́ ẹ má gbé e kúrò títí yóò fi tì pa síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Ògiri á funfun jù. Ẹ fi í sílẹ̀, kì í ṣe ògiri lẹ wá yà. Ẹ ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ní mítà kan sí apá tí òjìji wà, kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Àwọ̀ dúdú máa ń fi dídán sọ̀rọ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dán lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ló ń jẹ́ ká mọ bí ojú ṣe rí. Nítorí náà iná tó fẹ̀, tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, bíi ti fèrèsé, ló dáa fún un. Òrí díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Pọ́ńdà tó bá pa gbogbo dídán yẹn á sọ ojú di pẹlẹbẹ, èyí tó bá sì fẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọ̀ lọ á jọ eérú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù ni pé wọ́n á mú arẹwà apọ́nbéporẹ́ fi ṣe olólùfẹ́, wọ́n á mú ẹni dúdú fi ṣe orogún, wọ́n á wá to iná fún apọ́nbéporẹ́. Èkejì wọ inú òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń wò ó nílé á kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kọ́ ọ, pé ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ti òun. Bẹ́ẹ̀, àga nìkan ni wọ́n nílò láti sún. Ìmọ́lẹ̀ gúlóòbù máa ń yára dínkù bó ṣe ń jìnnà: ohun tó bá dé ara ẹni tó wà ní mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó dé ara ẹni tó wà ní mítà 1 ni. Bí ẹni dúdú bá jókòó ní mítà 1 sí iná, tí apọ́nbéporẹ́ jókòó ní mítà 1.4, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ apọ́nbéporẹ́, ojú méjèèjì á sì hàn dáadáa nínú àwòrán kan ṣoṣo. Oòrùn ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oòrùn, aṣọ funfun àti ibòji ni kẹ́ ẹ lò.

Gíga kámẹ́rà lè gbé èèyàn níyì pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ti rí i. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ń kọjá, ayàwòrán dúró nílẹ̀: kò sí bó ṣe lè yà á tí kò ní gbójú sókè. Ọ̀run wà lẹ́yìn orí ẹni náà, àwọn èrò wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024, àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀, jígí ojú rẹ̀ àti sìgá rẹ̀. Òótọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n wọ̀. Àmọ́ ẹṣin ló gbé kámẹ́rà sábẹ́ rẹ̀. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá, tí wọ́n yà láti orí pèpéle, wọ aṣọ tó lówó lórí bákan náà, àwọ̀ aṣọ wọn ló sì máa hàn ju ojú wọn lọ.

Ẹ tún máa ka àkókò. Níbi tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ti ń jà, ẹ fi aago wò ó: ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni a fi rí ojú ìyàwó ní tòsí, mélòó la fi rí ti ìyá? Lẹ́yìn èjìká ta ni kámẹ́rà dúró sí? Ẹni tá a bá ti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ wòran, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la wà. Bí ìyàwó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 40, tí ìyá gba 6, ẹjọ́ ti tán kí wọ́n tó rò ó. Nínú ìjà bẹ́ẹ̀, ìlà kan tún wà tí a kì í fojú rí láàárín àwọn méjèèjì. Bí kámẹ́rà bá fò ó kọjá sí òdìkejì, ẹni tó ń wo ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òsì, òǹwòran á sì rò pé ó kẹ̀yìn sí ẹnì kejì.

Ayàwòrán efẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Alison Bechdel, gbé ìbéèrè kan jáde ní 1985 tó wúlò fún wa dáadáa: ṣé obìnrin méjì wà nínú fíìmù náà, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ọkùnrin? Ẹ fi wo fíìmù ìyálé àti ìyàwó mẹ́ta tẹ̀ léra. Ìbéèrè yìí ò sọ bóyá fíìmù dáa. Fíìmù burúkú lè yege. Ohun tó ń tú jáde ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ò ní ọjà, wọn ò ní gbèsè, wọn ò ní ìyá tó ń ṣàìsàn, àfi ọkọ.

Ní ti àwa Ìjẹ̀bú, ẹ̀wù mẹ́ta ló sábà máa ń wà nílẹ̀ dè wá nínú fíìmù: ahun, olóògùn, àti onínàwó tí kò mọ̀ ju òde àríyá lọ. Ahun àti onínàwó kò lè jọ jẹ́ orúkọ ẹnì kan, síbẹ̀ wọ́n ń fi méjèèjì pè wá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ahun. Kámẹ́rà sún mọ́ ìka tó ń fi itọ́ ka owó, ó sún mọ́ ojú tó fún pọ̀, fèrè apanilẹ́rìn-ín ń dún. Bí máníjà báńkì bá ń ka owó, wọ́n á yà á láti òkèèrè, gíláàsì lẹ́yìn rẹ̀, dùùrù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni ọwọ́ àwọn méjèèjì ń ṣe. Kí àwọn Òyìnbó tó gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ọwọ́ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ wà, ẹrù tó ń gba ọjà Ẹ̀jìnrìn ń fẹ́ ẹni tó mọ owó kà. Nínú fíìmù tó bá fi ẹrù tó ń dúró de owó náà hàn fún ìdajì ìṣẹ́jú, tó fi ọmọ tó fẹ́ san owó ilé ìwé hàn, ìka yẹn kan náà á di ìka ẹni tó ń gbé ilé ró. Ẹni tí kámẹ́rà bá fi ìdí ìṣe rẹ̀ hàn, ìṣe rẹ̀ á yé wa. Ẹni tí wọ́n bá fi ìṣe rẹ̀ nìkan hàn, a ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀ka èdè wa náà ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kí a fi rẹ́rìn-ín ló sábà máa ń sọ Ìjẹ̀bú. Dókítà, adájọ́ àti olólùfẹ́ á máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkọ̀wé eré tó bá fẹ́ yí i padà, kó fi Ìjẹ̀bú sẹ́nu ẹni tí ìpinnu ìtàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ ọ́ láìsí fèrè lábẹ́ rẹ̀.

Ti olóògùn burú ju ti ahun lọ. Nínú Aiyé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, akọni tó ń dojú kọ àwọn àjẹ́. Ọlọ́gbọ́n ìṣẹ̀ṣe ló gba ìlú là. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tó tẹ̀ lé e, ọlọ́gbọ́n yẹn kan náà ti wọ aṣọ pupa, èéfín ń rú, iná pupa ń tàn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán sì parí iṣẹ́ náà: òṣèré dárúkọ Èṣù, wọ́n kọ Sátánì síbẹ̀. Ọmọ wa tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló lè kà, òrìṣà mìíràn ló ń rí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye iṣẹ́ tí ìró ń ṣe lára rẹ̀, kó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n pátápátá níbi tí ìyá burúkú ti ń wọlé, kó wò ó fún ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà, kó kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, kó ṣí ohùn, kó gbọ́ ibẹ̀ kan náà láìwò ó. Ẹ̀rù tó ṣì bà á nígbà tí ohùn ò sí ni ti òṣèré, kámẹ́rà àti iná. Ìyókù jẹ́ ti ẹni tó fi orin àti ìró sí i.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìyá àgbà tiyín gan-an lẹ fẹ́ yà, ní Ìperu tàbí Ṣàgámù, bóyá fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí kí àwọn ọmọ ọmọ lè gbọ́ ìtàn ilé, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan tó ga tó ojú rẹ̀ lórí àga, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 110, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn dé mítà 2, kẹ́ ẹ lo súùmù ìlọ́po méjì dípò kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn. Fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù, ẹ tì í pa síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yà á díẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn án kó rí bí òun ṣe rí nínú rẹ̀. Bí ìyá bá ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, kí òun lọ wé gèlè, ẹ dúró.